Tí háàdì dísìkì bá ń dún "tàk, tàk"

Akẹ́kọ̀ọ́ OAU kan gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Láti àná ló ti ń dún tàk, tàk. Mo pa á, mo tún tàn án, á ti tó ìgbà 20." Ìgbà 20 yẹn ló dùn mí.

Háàdì dísìkì ni ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó fáìlì pamọ́ sí; àwo pẹlẹbẹ tó ń dán bíi dígí ló wà nínú rẹ̀. Àwo yìí ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ kékeré kan sì ń kàwé lórí rẹ̀. Ó jọ giramafóònù àwọn bàbá wa, àmọ́ abẹ́rẹ́ giramafóònù máa ń kan àwo; ti háàdì ò gbọdọ̀ kàn án. Ó ń fò lórí afẹ́fẹ́ ni, àlàfo ibẹ̀ ò sì gba ẹyọ eruku ọyẹ́ kan. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń tú u wò.

Tí láptọ́ọ̀pù bá já bọ́ lórí iṣẹ́, ọwọ́ yẹn lè ha àwo. Ojú àwo gan-an ni fáìlì wà; ibi tó bá ti ha, kò sí ẹni tó lè dá a padà. "Tàk, tàk" yẹn, ọwọ́ náà ló ń wá ojú ọ̀nà tí kò rí, tó ń padà sẹ́yìn, tó tún ń gbìyànjú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án, ó lè máa ha á sí i. Ẹ pa á, kó dákẹ́.

Tó bá jẹ́ iná tó dé pẹ̀lú agbára ló jó bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìrètí ṣì wà, torí àwo lè má fara pa. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé e sí fìrísà, ẹ sọ fún un pé ẹran là ń gbé síbẹ̀.

Èyí tó kàn ń fà, tí kò pariwo, ẹ kó ohun tó ṣe kókó jáde kíákíá: pírójẹ́ẹ̀tì ṣáájú fíìmù. Ẹ má fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ má nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. SSD, oríṣi ibi ìpamọ́ fáìlì mìíràn, ò ní àwo, kì í ké; ó lè kú láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀dà tó sì wà nínú báàgì kan náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ẹ̀dà: ọ̀kadà kan ṣubú, méjèèjì lọ.

Ti ọmọ yẹn, orí kìíní dé ìkẹta pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ la rí, nínú ímeèlì tó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀. Ó ń tún ìkẹrin tẹ̀ lọ́wọ́.