Epo pupa, òfin Yúróòpù àti omi odò wa: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí ìròyìn ti gbé e pé wọ́n tún sún òfin igbó Yúróòpù síwájú, ìbéèrè ò tán lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń fún epo, láti Kàbà títí dé Yàgbà. Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

Kí ni òfin náà sọ gan-an?
Ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Epo tí ọ̀pẹ rẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ọjọ́ tí òfin máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń sún. Ọjọ́ ti ọdún 2020 yẹn kò yẹ̀.

Ṣé a ò ní lè ta epo wa lọ́jà Kàbà mọ́?
Ẹ máa ta epo yín: ọjà Yúróòpù ni òfin náà wà fún.

Kò kàn wá nìyẹn?
Ó kàn wá, láti ibi tí ọ̀pọ̀ ò fọkàn sí. Kòkó àti kọfí wà nínú òfin kan náà, a sì ń gbin méjèèjì nílẹ̀ Okun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igbó torí kòkó ni kó tètè fetí sílẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ oko ọ̀pẹ tó ń ba ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jẹ́?
Ti ilẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì ló ń sọ ọ́. Ti afẹ́fẹ́, ẹgbẹ́ RSPO, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, tó ń fún àwọn tó ń ṣe epo pupa láìba àyíká jẹ́ ní ìwé ẹ̀rí, ní ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní PalmGHG. Ó ń ka èéfín dísẹ́ẹ̀lì, ajílẹ̀ àti igbó tí wọ́n gé, á wá pín in sórí tọ́ọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan.

Omi ńkọ́?
Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá fún tọ́ọ̀nù epo kan, omi ẹ̀gbin tó ń bá a jáde máa ń tó tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Wọn kì í fi kẹ́míkà kún un níbi tí wọ́n ti ń fún epo, síbẹ̀ ó ń pa ẹja, torí pé bó ṣe ń jẹrà ló ń gba ọ́síjìn inú odò.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ìdọ̀tí rẹ̀ nìyí: wọ́n máa bu omi náà sínú ìgò títí dé ẹnu, wọ́n á wọn ọ́síjìn rẹ̀, wọ́n á dé e pa, wọ́n á gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n tó tún un wọ̀n. Ọ́síjìn tó dín ló ń sọ bí ìdọ̀tí ṣe pọ̀ tó. Omi ẹbu nípọn débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi mímọ́ là á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ́síjìn á ti tán kí ọjọ́ tó pé. Ọ́síjìn tí omi tí wọn ò tíì tọ́jú ń gbà máa ń tó mílígíráàmù 25,000 nínú lítà kan. Malaysia ní kò gbọdọ̀ ju 100 lọ kó tó wọ odò.

Torí náà, bí wọ́n bá ní àwọn ti dín ìdọ̀tí kù ní ìdá 90 nínú 100, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́: 2,500 ló ṣẹ́ kù. Iye tó kù ni kí ẹ máa bèèrè, ẹ má bèèrè iye tó dín.

Ṣé ìwé ẹ̀rí RSPO ò tó?
Ọdún márùn-ún ló ń lò, wọ́n sì ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹ bèèrè èsì ọdún yìí.

Ẹbu kékeré tiwa ńkọ́?
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da omi rẹ̀ sódò. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìnnà sí odò àti kànga. Ẹ má sì fi táyà dáná: èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìyá wa tó ń ro epo. Èésan àti ìhá tó wà nílẹ̀ tó o dáná.

Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ wa?
Òfin Nàìjíríà ti 1992 ní ẹni tó bá fẹ́ sọ igbó tó tó hẹ́kítà 500 di oko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ohun tí yóò ṣe sí àyíká. Kí àwọn bàbá wa tó tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà ka ìwádìí yẹn fáwọn ní Yorùbá. Kí wọ́n fi í sínú àdéhùn pé wọ́n á máa bu omi odò wò lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí ilé iṣẹ́ bá wà, kí ọmọ ìlú sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n má gbà pé kó jẹ́ ìgbà òjò nìkan, torí odò tó kún á fi ìdọ̀tí pa mọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò fà ni kí wọ́n bu ú.