Bí Soprano Ṣe Ń Fi Ohùn Jẹun ní Japan

Ohùn dídùn nìkan kọ́ ló ń sọ obìnrin di soprano, ìyẹn olórin obìnrin tí ohùn rẹ̀ ga jù, ní Japan. Ilé ẹ̀kọ́ orin ni wọ́n ti ń kọ́ bí ohùn ṣe ń borí ọ́kẹ́sítírà láìsí máíkì. Èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1887 ni soprano Tamaki Miura lọ, kó tó kọ ipa Cio-Cio-San, obìnrin tí ìtàn dá lé, nínú Madama Butterfly, ọ́pẹ́rà kan (eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe), ní London lọ́dún 1915.

Ahọ́n ló ń fún wọn níṣẹ́ jù. Bí àwa ṣe ki fáwẹ̀lì bọ búrẹ́dì kó lè rọ̀ wá lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ náà ni ará Japan ń ṣe sí èdè Jámánì. "Freude", ìyẹn ayọ̀, á di "fu-ro-i-de". Sílébù méjì ni Beethoven, olórin Jámánì, kọ orin sí nínú Símfónì Kẹsàn-án rẹ̀, orin ọ́kẹ́sítírà gígùn tí àwọn akọrin ń dara pọ̀ mọ́ níparí. Mẹ́rin ló jáde lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Ítálì tàbí Jámánì. Àwọn kan á dúró síbẹ̀, torí ilé ìṣeré Jámánì máa ń gba olórin sí iṣẹ́ olówó oṣù.

Nílé, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà ń pè wọ́n fún. Wọ́n á wọ ẹgbẹ́ ọ́pẹ́rà bíi Fujiwara, tó ti wà láti 1934, tàbí Nikikai, ti 1952. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó fẹ́ kọrin ló máa ta tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín fún un. Èyí tí kò bá tà, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san án. Ó dun ni fún ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́.

Oṣù Kejìlá ni ìkórè wọn. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ará Jámánì ló kọ́kọ́ gbé Símfónì Kẹsàn-án Beethoven kalẹ̀ ní Japan, ní àgọ́ Bandō, lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹfà 1918. Lónìí, kò sí ìlú ńlá tí kì í gbọ́ ọ bí ọdún bá ń lọ sópin. Òṣìṣẹ́, ìyàwó ilé àti akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kún ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n àwọn adákọrin mẹ́rin iwájú ni wọ́n ń sanwó fún. Ó lè lé ní ìṣẹ́jú 40 kí soprano tó la ẹnu. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí orin parí, ọ́kẹ́sítírà á rọlẹ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè dé nóòtì B lókè pátápátá, kò sì ní sí ibi tí yóò fara pamọ́ sí.

Tó bá di oṣù Kìn-ín-ní, ó ti padà sídìí dùùrù. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pe "furoide", òun náà sì ń yọ fáwẹ̀lì yẹn kúrò, díẹ̀díẹ̀.