Ọ̀gá Kò Gbọ́, Ọ̀gá Kò Mọ̀: Báwo Ni Ẹ̀ṣẹ̀ Ṣe Di Ti Iléeṣẹ́?

Wọ́n ní ní Ìlú Ọba, bí òṣìṣẹ́ bá lu jìbìtì, wọ́n lè gbé iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ọ̀daràn, bí ọ̀gá kò tilẹ̀ mọ̀ sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Bí òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú iléeṣẹ́ ńlá bá lu jìbìtì kí iléeṣẹ́ náà tàbí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè jèrè níbẹ̀, iléeṣẹ́ yóò jẹ́jọ́ pé òun kò dènà á. Kò sí òdiwọ̀n fún owó ìtanràn rẹ̀. Ẹni tó lu jìbìtì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣebí ẹni tó bá ṣẹ̀ ni òfin máa ń mú?

Bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti ń rí ọ̀nà sá gbà. Lọ́dún 1971, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ náà dá ẹjọ́ kan tó kan Tesco, iléeṣẹ́ tó ní ilé ìtajà ńláńlá káàkiri. Wọ́n ti polówó pé ọṣẹ ìfọṣọ ti wálẹ̀, àmọ́ ní ẹ̀ka kan, iye àtijọ́ ni wọ́n ń tà á. Àwọn adájọ́ ní máníjà ẹ̀ka kì í ṣe Tesco, nítorí kò sí lára àwọn tó ń darí iléeṣẹ́ náà látòkè. Tesco bá bọ́. Ẹ wo ohun tí èyí bí: bí iléeṣẹ́ bá ṣe tóbi tó, tí ọ̀gá sì jìnnà sí iṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn fún un tó láti bọ́ nínú ẹ̀bi. Èmi kò rí ìdájọ́ òdodo nínú ìyẹn.

Orí owó rìbá ni irú òfin àìdènà yìí ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nínú òfin ọdún 2010. Sísá fún owó orí tẹ̀ lé e ní 2017, kó tó wá kan jìbìtì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ṣé ọ̀rọ̀ jìbìtì nìkan ni?

Rárá o. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, òfin mẹ́ta gba ìfọwọ́sí ọba lọ́jọ́ kan náà, èrò kan náà ló sì wà nínú wọn. Ọ̀kan ni ti jìbìtì yìí. Èkejì ní kí àwọn iléeṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dènà ohun tó lòdì sófin lójú òpó wọn. Ofcom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó o, lè gba mílíọ̀nù 18 pọ́n-ùn tàbí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn kárí ayé, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta ní kí agbanisíṣẹ́ dènà fífi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu.

Òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ni mo ní. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ti jìbìtì kò kàn yín. Iléeṣẹ́ tó bá ní méjì nínú mẹ́ta yìí ló ń bá wí: òṣìṣẹ́ tó lé ní 250, owó tó ń wọlé lọ́dún tó lé ní mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn, tàbí dúkìá tó lé ní mílíọ̀nù 18.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kàn yín dáadáa. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2024, bí ẹ bá gba ẹyọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ní England, Scotland tàbí Wales, ó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Bí òṣìṣẹ́ bá jàre, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lè fi tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó gbà-má-bínú tí ẹ máa san fún un. Òfin mìíràn tó jáde ní 2025 tún mú un le sí i: ohun tó bá yẹ kò tó mọ́, *gbogbo* ohun tó bá yẹ ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣe, ẹ ó sì máa dáhùn fún ìwà oníbàárà sí òṣìṣẹ́ yín. Oṣù Kẹwàá 2026 ni ìjọba dá fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo ti kọ ìlànà sínú ìwé, gbogbo wọn ti fọwọ́ sí i. Ṣé kò tó?

Kò tó. Ìwé tí ẹnì kankan kò kà mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí i kò dènà nǹkan kan. Ta ni òṣìṣẹ́ lè sọ fún, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà á? Nígbà tí ó sọ pé oníbàárà kan ń fọwọ́ pa òun lára, ọjọ́ wo ni, kí lẹ sì ṣe? Ẹ máa kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ohun tí wọ́n máa bi yín nílé ẹjọ́ nìyẹn.