Ilé Àrọ́wọ́tó: Ọwọ́ Ta Ló Tó O?

Nínú àwọn àgbolé àtijọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò ṣòro láti rí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ. Ẹni tó kọ ọ́ kò bá ìjọba wí. Ọmọ ilé tí ojú ń kán, tó lè lọ mú oníbàárà wá kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbọ́, òun ni wọ́n ń kọ ọ́ dè, òun àti àwọn gbájúẹ̀ tó ń ta ilé onílé. Àmọ́ bí ìjọba bá fẹ́ tún àdúgbò kan kọ́, kì í rà á. Ó ń gbà á ni, lábẹ́ òfin, yóò sì san ohun tí à ń pè ní owó gbà-má-bínú. Ọ̀dà ara ògiri kò dá irú ìyẹn dúró.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí rédíò fẹ́ràn gan-an: ilé àrọ́wọ́tó fún mẹ̀kúnnù. Gbogbo ènìyàn ló máa ń pàtẹ́wọ́ fún un títí di ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ àdúgbò tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà ní ìjọba á ní àwọn ará àdúgbò kò fẹ́ ìlọsíwájú. Àwọn ará àdúgbò á ní wọ́n fẹ́ jí ilé àwọn. Èmi rò pé ọ̀pọ̀ ìjà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, nítorí pé a kì í béèrè ọwọ́ tí wọ́n ń sọ pé ó tó o.

Àwọn onímọ̀ nípa ilé gbígbé ní ìwọ̀n kan tí wọ́n sábà máa ń lò: bí owó ilé, yálà ti háyà tàbí ti owó tí a yá kọ́lé, kò bá ju ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ènìyàn lọ, àrọ́wọ́tó ni. Ẹ jẹ́ ká fi wọn ara wa. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti oṣù keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń san ₦80,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ìdá 30 nínú ₦80,000 jẹ́ ₦24,000. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ilé gbọ́dọ̀ mú lápò òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóṣù kan. Nísinsìnyí, ọ̀kan lára owó tó rọjú jù tí ènìyàn lè yá kọ́lé ni ti àkànṣe owó ilé gbígbé (National Housing Fund) tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, èyí tí wọ́n ń yọ náírà méjì àtààbọ̀ fún nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù òṣìṣẹ́. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, wọ́n sì lè fún ènìyàn tó 30 ọdún láti san án. Ẹni tó bá yá mílíọ̀nù márùn-ún náírà lórí ètò yẹn yóò máa san nǹkan bí ₦30,000 lóṣooṣù. Ó ti ju ₦24,000 lọ. Ẹ sì sọ fún mi ilé wo ni wọ́n ń fi mílíọ̀nù márùn-ún kọ́ báyìí tí bíríkìlà kò ní fi rín ẹ̀rín.

Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ni mo fi ṣírò yẹn o. Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́bàá Ọjà Jagun kò ní ìwé owó oṣù tí yóò fi han báńkì.

Ohun tó máa ń mú kí iye owó ilé bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ni owó ìlú: ìjọba á fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, á la ọ̀nà, á fa iná dé ibẹ̀, kí ẹni tó máa gbà á má baà ru gbogbo ẹrù náà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí olówó kan bá kọ́ ilé rẹ̀ sẹ́bàá tèmi, mo lè kùn. Bí owó orí mi bá kọ́ ọ, mo lè pariwo.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín kí á kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ tó ṣófo àti kí á tún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé kọ́. Bódìjà ní Ìbàdàn jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìjọba ìwọ̀ oòrùn ìgbà Awólọ́wọ̀ dá iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé sílẹ̀ ní 1958, Bódìjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní 1959. Ẹ lọ wo irú ẹni tó ń gbé Bódìjà lónìí kí ẹ tó gbà pé ilé tí ìjọba kọ́ á wà fún mẹ̀kúnnù títí láé. Ti Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ti èkejì. Láti 1955 ni wọ́n ti ń wó àwọn agbo ilé ibẹ̀, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè, tó jìnnà sí ọjà àti sí mọ̀lẹ́bí nígbà náà. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó lòdì sí i gidigidi. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ìdọ̀tí. Oníṣòwò tó ń jí lọ sọ́jà tó wà ní ìdí ilé rẹ̀ ni wọ́n ní kó máa fi owó ọkọ̀ ṣòwò.

Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ní orúkọ tí wọ́n ń pe àtakò aládùúgbò, NIMBY, tó di gbajúmọ̀ láti bí ọdún 1980 sí i. Ohun tó túmọ̀ sí kò ju "kì í ṣe lẹ́yìnkùlé mi" lọ: ẹni tó gbà pé nǹkan náà dára, kí wọ́n ṣáà gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Àpẹẹrẹ tó yé ni jù ni ti Yonkers, ìlú tó múlé gbe New York. Ní 1985, adájọ́ Leonard Sand dá a pé ìlú náà mọ̀ọ́mọ̀ kó àwọn ilé ìjọba jọ sí apá kan kí àwọn aláwọ̀ dúdú má baà bá aláwọ̀ funfun gbé. Ilé 200 ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n kọ́ sí apá ìlà oòrùn. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ jálẹ̀ ní 1988, adájọ́ sì bu owó ìtanràn lé ìlú lórí: dọ́là 100 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó máa di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́. Nígbà tí owó ọjọ́ kan fi ń sún mọ́ mílíọ̀nù kan dọ́là, tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú, wọ́n gbà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni ẹni tó ń tako. Onílé ni, ilé rẹ̀ dára, kò sẹ́ni tó fẹ́ lé e. Ẹni tó ń bọ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa náà, kí á má purọ́. Ẹ lọ sí agbègbè Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ń gbé. Lánlọ́ọ̀dù tó ti kọ́ yàrá méjìlá sí ojú kan, tó ń gba owó ọdún kan kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kó ẹrù wọlé, kò ní í fẹ́ kí ìjọba kọ́ ilé olówó kékeré sí òdìkejì ọ̀nà. Kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ o. Gọ́tà ni yóò sọ. Yóò ní omi òjò kò ríbi lọ, yóò ní tiransifọ́mà kan ṣoṣo ló wà. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé òótọ́ máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn. Bí wọ́n bá so ilé ọgọ́rùn-ún mọ́ tiransifọ́mà tí kò gbé ogójì, gbogbo wa la ó jọ wà lókùnkùn. Nítorí náà, ẹni tó ń tako lè ní èrò burúkú nínú kí ó sì ní ẹjọ́ rere lẹ́nu. Ẹ dá ẹjọ́ rere náà lóhùn kí ẹ tó bú u.

Àmọ́ ti inú àgbolé kì í ṣe irú èyí rárá, pípè tí wọ́n sì ń pe méjèèjì ní orúkọ kan náà ló ń bí mi nínú. Nínú àgbolé, ẹni tí wọ́n ní àwọn ń kọ́lé fún gan-an ni wọ́n fẹ́ kó jáde kọ́kọ́.

Òfin tó wà nídìí rẹ̀ ni Òfin Lílo Ilẹ̀ tó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978, lábẹ́ ìjọba ológun Ọbásanjọ́. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Abala 28 fún un lágbára láti gba ilẹ̀ padà nítorí ànfààní gbogbogbòò. Abala 29 ló sọ ohun tí wọ́n máa san. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye tí wọ́n máa san ni iye owó ilẹ̀ tí ẹni náà san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á. Ilẹ̀ àjogúnbá wa, ta ló ń san owó ilẹ̀ lórí rẹ̀ fún ìjọba? Òdo ni. Lórí ilé, wọ́n á ṣírò iye tí yóò náni láti tún irú rẹ̀ kọ́, wọ́n á wá yọ ti ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò. Ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí bàbá bàbá wa kọ́, kí ló kù nínú rẹ̀ bí wọ́n bá yọ ọjọ́ orí tán?

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ àgbolé kan wá pẹ̀lú téèpù àti ìwé láti wọn ilé.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọn inú ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Wọlé, ọmọ mi. Má tẹ ibẹ̀ yẹn. Gba ẹ̀gbẹ́ ògiri."

Ó wo ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ibi tí ìyá nawọ́ sí fi díẹ̀ ga ju ti ìyókù lọ, ó gùn tó ènìyàn, wọ́n sì rẹ́ ẹ dán. Bàbá tó kọ́ ilé náà ló sùn síbẹ̀. Ọmọkùnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ọmọ Yorùbá ni, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀, ibi tó lè kọ ọ́ sí kò ju ilẹ̀ onísìmẹ́ǹtì lọ. Ilẹ̀, ilé àti ohun ọ̀gbìn ni abala 29 mọ̀. Kò mọ ojú oórì.

Abala 33 tún wà, tí kì í sábà dé etí àwọn ènìyàn. Ó ní dípò owó, wọ́n lè fún ẹni tí wọ́n gba ilé rẹ̀ ní ilé mìíràn. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ilé tuntun náà bá níye lórí ju owó gbà-má-bínú lọ, àwọn méjèèjì lè fọwọ́ sí i pé kí ìyókù di gbèsè tí onílé yóò máa san fún ìjọba. Ẹ rí i bí ó ṣe ń lọ: wọ́n á kọ́kọ́ yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ilé yín títí yóò fi kéré, wọ́n á fún yín ní tuntun tó wọ́n, ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ á wá di gbèsè ọrùn ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè lánàá.

Nígbà tí ilé ọba jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ọba ló ṣì ń gbé inú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tún un kọ́. Amẹ́ríkà pàápàá kò mójú tó èyí dáadáa. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní HOPE VI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, wó àwọn ilé ìjọba àtijọ́, ó sì fi èyí tó rẹwà rọ́pò wọn, pẹ̀lú ayálégbé olówó àti aláìní tí wọ́n jọ ń gbé. Àwọn ilé náà rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó jáde kò padà síbẹ̀ mọ́, nítorí pé òfin tó ní kí wọ́n fi ilé tuntun kan rọ́pò ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wó ni wọ́n gbé tì ní 1995, tí wọ́n sì fagi lé pátápátá ní 1998. Ní àwọn ibì kan, àwọn tálákà fúnra wọn ló tako ilé tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ fún wọn. Ẹ̀tọ́ àtipadà ni wọ́n ń bèèrè.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní abala 16 sọ pé kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ibùgbé tó yẹ, abala 6 sì ní kò sẹ́ni tó lè torí ìyẹn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Abala 44 ló lágbára díẹ̀: bí wọ́n bá gba dúkìá ènìyàn, kí wọ́n tètè sanwó, ẹni náà sì lè lọ sílé ẹjọ́ lórí iye rẹ̀. Òfin ilẹ̀ 1978 ní abala 47 ní ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ yẹ iye náà wò. Àwọn lọ́yà ń jẹun lórí àríyànjiyàn yẹn títí di òní.

Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá kan àdúgbò yín, ẹ má fi ìpàdé ṣe ìbínú nìkan. Ẹ béèrè ìwé ìgbàpadà tí ẹni tí gómìnà yàn fọwọ́ sí. Ẹ béèrè iye yàrá tó wà báyìí àti iye tí wọ́n fẹ́ kọ́. Ẹ béèrè iye tí háyà yóò jẹ́ ní ọdún kẹwàá, torí ti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń sọ. Kí ohun gbogbo wà lákọsílẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀rọ ìṣírò kò lè dáhùn. Àgbolé jẹ́ dúkìá ẹbí: ìyàwó ilé tó ti ń gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún ní yàrá, ọmọ tó wà ní Kánò ní yàrá, àbúrò tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ lè padà wá gba yàrá lóru láì fọwọ́ síwèé. Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n ń kọ sára ìwé fúláàtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi téèpù wọnlé ká téèpù rẹ̀, ó ṣí ojú ewé tuntun.

"Ìyá, orúkọ ta ni ká kọ sí i?"

Ìyá pe Baálé. Baálé ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé.