Aràn Inú Ejò: Báwo La Ṣe Ń Mọ̀ Pé Irú Rẹ̀ Jẹ́ Tuntun?

Ọdẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ la inú ere, ó bá nǹkan funfun olórùka tó gùn tó ìka ọwọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣé aràn tuntun ni?

Bóyá ni. Bí òrùka bá yí i lára ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Armillifer armillatus, tó wọ́pọ̀ nínú ere, oká àti paramọ́lẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Aràn gan-an kọ́ tiẹ̀ ni. Ẹbí edé àti akàn ni. Kòkòrò iná tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹja lára ni DNA fi hàn pé ó bá tan jù. Ẹ wo ìkọ́ mẹ́rin tó wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì ka òrùka rẹ̀: abo armillatus máa ń ní bíi 18 sí 22, ti ìbátan rẹ̀, Armillifer grandis, máa ń ju 25 lọ.

Bó bá jẹ́ aràn gidi ńkọ́? Báwo la ṣe ń kó o?

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan aràn, ẹ ya fọ́tò ejò náà, láti orí dé ìrù, ẹ̀yìn àti ikùn. Ẹni tí kò bá mọ ejò tó gbé aràn ti pàdánù ìdajì ẹ̀rí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ gé ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró, ikùn àti ìfun, kí ẹ fi oníkálukú sínú abọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ sára abọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi omi lásán fọ aràn. Á mu ún, á wú, á sì bẹ́. Iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà omi 1 ló bá a lára mu.

Bí ẹ bá ju aràn roboto tí wọ́n ń pè ní nematode sínú ọtí tútù, ṣe ló máa ká kò, kò sì ní ṣeé wọ̀n mọ́. Ethanol, ìyẹn ọtí líle, ìdá 70 nínú 100 tó gbóná tó 60°C ni ká fi pa á. Ojú ẹsẹ̀ ló máa nà gbọnrangandan. Ẹ gbé ìgò ethanol náà sínú omi gbígbóná o, ẹ má gbé e ka iná, torí ó ń gbaná.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ DNA wò, ẹ gé ègé kékeré láàrin ara aràn sínú ethanol ìdá 95, kí ẹ fi orí àti ìrù rẹ̀ sílẹ̀ fún maikirosikóòpù. Fọ́màlíìnì ò ba ìrísí jẹ́, àmọ́ DNA tó bá ti kọjá nínú rẹ̀ máa ń ṣòroó kà.

Kí la wá ń wò lára rẹ̀?

Gírísírìnì á jẹ́ kí ara rẹ̀ mọ́ gaara lórí gíláàsì. Ẹnu la máa ń kọ́kọ́ wò: ti Kalicephalus, tó ń gbé inú ìfun ejò, pín sí abala méjì, ọ̀tún àti òsì, Ophidascaris ní ètè mẹ́ta. Ìrù akọ ló máa ń dá ẹjọ́: gígùn àwọn ọ̀pá ìgùn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní spicule, iye kókó wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tò. Lára abo, a ń wo ibi tí ojú ara rẹ̀ wà àti bí ẹyin rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ wọn akọ 10 àti abo 10 bó bá ṣeé ṣe. Abo kan ṣoṣo ò tó láti fi fún irú kan lórúkọ, ohun yòówù kí ojú rí.

DNA rẹ̀ ò bá èyíkéyìí mu nínú GenBank, ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ DNA pa mọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn?

Rárá. Ọ̀pọ̀ aràn ejò tí wọ́n ti fún lórúkọ láti ayébáyé ni ẹnikẹ́ni ò tíì ka DNA wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ ka àlàyé àwọn àtijọ́ yẹn, kódà bó jẹ́ èdè Jámánì tàbí Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sì sí ìdá kan pàtó tí ìyàtọ̀ DNA gbọ́dọ̀ tó kó tó di irú mìíràn.

Kí ló máa ń tanni jẹ jù?

Ohun tí ejò jẹ. Eku tàbí ọ̀pọ̀lọ́ tó gbé mì ní aràn tirẹ̀, ẹyin aràn yẹn sì lè bá ìgbẹ́ ejò jáde. Aràn tí kò tíì gbó náà ń tanni jẹ, torí àmì ìrù akọ kò tíì yọ.

Báwo ni orúkọ rẹ̀ ṣe ń fẹsẹ̀ múlẹ̀?

Ẹ yan aràn kan tí yóò máa jẹ́ ẹlẹ́rìí orúkọ náà, holotype, kí ẹ fi í pamọ́ sí musíọ́ọ̀mù, kí ẹ kọ ohun tó yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ ti tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ZooBank, ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó fẹ́ fi ejò náà se ọbẹ̀ ńkọ́?

Kó sè é jinná dáadáa, kó sì fọ ọ̀bẹ, pákó àti ọwọ́ kó tó gé ẹ̀fọ́. Ẹyin Armillifer tó bá wọnú èèyàn máa ń pa nínú ìfun. Ọmọ rẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, á ká bí lẹ́tà C sára ẹ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára, àfi kí ẹ́ksíréè tí wọ́n ya fún nǹkan mìíràn gbé e jáde.