Bí wọ́n ṣe ń kọ́ kóòṣì ọkọ̀ ojú irin ní iléeṣẹ́ ìjọba Íńdíà

Ẹni tó bá rí bí àwọn káfíńtà Iléṣà ṣe ń kan bọ̀lẹ́kájà láyé ọjọ́un mọ̀ pé ṣásì, egungun irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ló kọ́kọ́ ń dé, kí wọ́n tó gbé ilé onípákó lé e. Ṣásì nìkan ló ń ru ẹrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòṣì, ilé tí èrò ń jókòó sí nínú ọkọ̀ ojú irin, ṣe rí láyé àtijọ́. Bí ọkọ̀ méjì bá forí sọra, pákó á fọ́, kóòṣì kan á wọnú èkejì lọ, èrò á sì kú.

Integral Coach Factory, iléeṣẹ́ ìjọba Íńdíà tó wà ní Perambur nílùú Chennai, kì í kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Jawaharlal Nehru ló ṣí i lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹwàá 1955, àwọn ará Switzerland ló sì kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Irin ni ilẹ̀, ògiri àti òrùlé kóòṣì wọn. Wọ́n jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi kan, gbogbo ara rẹ̀ ló sì jọ ń ru ẹrù.

Kíkọ́ ilẹ̀ kóòṣì ló ṣòro jù. Kò sí wẹ́dà Iléṣà tí kò mọ̀ pé irin tí iná bá kàn máa ń ká. Géètì tó ká, òòlù lè nà án padà. Ṣùgbọ́n kóòṣì tí wọ́n ń kọ́ báyìí gùn ní nǹkan bíi mítà 23 ààbọ̀. Bó bá ká díẹ̀, ilẹ̀kùn àti fèrèsé kò ní jókòó dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de irin mọ́ férémù ńlá kí iná tó kàn án, tí wọ́n sì ń tò ó síbi tí wẹ́dà á ti máa jó o láti òkè wá, kì í ṣe pé kó gbójú sókè.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà, wáyà, ìjókòó àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n á wọ́n omi sí i lára bóyá ó ń jò, wọ́n á yẹ búrèkì wò. Ẹsẹ̀ irin mẹ́jọ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ mìíràn ló ń rọ wọ́n.

Láti 2018 ni wọ́n ti fi àpẹẹrẹ tiwọn àtijọ́ sílẹ̀ fún ti Jámánì, tí irin rẹ̀ kì í dípẹtà, tí ìdè tó so kóòṣì pọ̀ mọ́ra kì í sì í jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì bí wọ́n bá kọlura.

Ohun tó gbé iléeṣẹ́ yìí ró ni pé kì í dúró de oníbàárà. Lọ́dọọdún, ìgbìmọ̀ rélùwéè ní Delhi ló ń sọ irú kóòṣì tí wọ́n fẹ́ àti iye rẹ̀, ìjọba sì ń sanwó. Ọ̀dọ́ tó bá ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ á máa rí iṣẹ́ fi dánra wò títí ọwọ́ rẹ̀ á fi já fáfá. Ohun tí Nàìjíríà kò tíì ní nìyẹn: China ni wọ́n ti kọ́ kóòṣì tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn.

Púpọ̀ jù lọ nínú ojú irin Íńdíà fẹ̀ tó mìlímítà 1,676 láàárín irin méjèèjì. Èyí tó gba Òṣogbo, níbi tí ará Iléṣà ti máa ń wọ rélùwéè láyé ọjọ́un, jẹ́ 1,067. Ìyẹn kọ́ ni kò ní jẹ́ kí Perambur lè kọ́ kóòṣì tó bá ojú irin wa mu: Perambur ti kọ́ kóòṣì fún Taiwan láwọn ọdún 1970, 1,067 náà sì ni ojú irin ti Taiwan.