Ibi tí àṣìṣe ti ń lúgọ de àpò ẹ̀jẹ̀

Bí dókítà bá ti ní kí ẹbí lọ wá ẹ̀jẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń já wọn láyà ni kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún má lọ gbé àrùn wọlé. Ìbẹ̀rù náà kò burú. Àmọ́ ní Ìlú Ọba, níbi tí ètò tó ń jẹ́ SHOT ti ń gba ìròyìn jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀jẹ̀ gbígbà láti ọdún 1996, ọdọọdún ni wọ́n ń rí i pé àṣìṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù: orúkọ tó ṣì, ìgò tó pààrọ̀, àpò tí wọ́n gbé lọ sí ìdí ibùsùn ẹlòmíì.

Ara ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ni ìrìn àjò àpò náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn a gún un níka, wọn a jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan bọ́ sínú omi búlúù kan tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi copper sulphate pò. Bí ẹ̀kán náà bá rì lọ sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki tó; bó bá ń léfòó, òun gan-an ló nílò ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, kó máa lọ sílé. Ẹni tó bá yege ni wọ́n ń fa nǹkan bí 450 mililítà lára rẹ̀ sínú àpò tí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò HIV, mẹ́dọ̀wú B àti C, àti sífílíìsì. Àwọn mẹ́rin yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí orílẹ̀-èdè kankan má fò. Àyẹ̀wò ọ̀hún ní àlàfo o: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò HIV lè gbé e kiri fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àyẹ̀wò tó rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bi olùfẹ̀jẹ̀tọrẹ ní ìbéèrè tó lè tì í lójú, ìdí nìyí náà tí ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ fi léwu. Owó tó ń dúró dè é kò ní jẹ́ kó sọ òótọ́. Ní Nàìjíríà, ẹbí aláìsàn ni ọsibítù sábà ń rán lọ wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ dípò. Ẹbí tí kò bá rí ènìyàn a lọ bá àwọn tó ń tà á, wọn a sì ní kó sọ nílé ìwòsàn pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó lòun.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń mọ irú ẹ̀jẹ̀ kó wo orí tile funfun kan nínú lábù. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ wà lójú ibi mẹ́ta. Wọ́n kán oògùn aláwọ̀ búlúù sí àkọ́kọ́, aláwọ̀ ìyeyè sí èkejì, èyí tí kò ní àwọ̀ sí ẹ̀kẹta, wọ́n wá ń mi tile náà jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ A, ojú oògùn búlúù á ṣù jọ bí àmàlà tó ní kókó, ojú oògùn ìyeyè á sì jọ̀lọ̀. Bó bá jẹ́ B, ìyeyè ló máa ṣù. AB a ṣù ní méjèèjì, O kò ní ṣù ní ìkankan nínú méjèèjì. Èyí tí kò ní àwọ̀ ló ń sọ bóyá positive ni tàbí negative. Karl Landsteiner ló tú àṣírí A, B àti O yìí ní Vienna, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1901. Kí á má ṣì í mú: AA tàbí AS tí àwọn tó fẹ́ fẹ́ra ń bi ara wọn léèrè, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ènìyàn lè jẹ́ AS kó sì jẹ́ O.

Irú ìṣùjọ yẹn náà, tó bá ṣẹlẹ̀ nínú iṣan, kì í ṣe eré. Bí ẹ̀jẹ̀ A bá wọ ara ẹni tó jẹ́ O, ara ẹni náà á dojú ìjà kọ ọ́, yóò fọ́ ọ, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà ni lábù ṣe ń po ẹ̀jẹ̀ inú àpò mọ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ni àyẹ̀wò yìí máa ń ṣòro fún jù, torí ara wọn ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ẹ̀jẹ̀ àjèjì.

Ṣùgbọ́n kò sí bí lábù ṣe lè já fáfá tó, bí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò kékeré tí wọ́n gbé wá kì í bá ṣe ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ibí ni wàhálà pọ̀ sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà, orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan. Yàtọ̀ sí orúkọ àmútọ̀runwá, nọ́ńbà káàdì ọsibítù nìkan ló yà wọ́n. Ìyá kan lè wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì, tí nọ́ọ̀sì ń pè ní Mọ́mì, tí káàdì rẹ̀ sì ń jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Bí nọ́ọ̀sì bá bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyáàfin Adéyẹmí?", ó lè dáhùn "hẹ́n" kó má baà já a kulẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?" kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò níbẹ̀ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹni tó bá kọ orúkọ sára ìgò márùn-ún sílẹ̀ kó tó lọ fa ẹ̀jẹ̀ ti pe ìjàǹbá. Ní Ìlú Ọba, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí lábù kò mọ̀ rí, kí ìkejì fi lè tú àṣìṣe àkọ́kọ́.

Àṣìṣe kan tún wà tí kò kan orúkọ: kí wọ́n fún ẹni tí kò nílò rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ ní Kánádà gbé ìwádìí kan jáde lórí 838 aláìsàn tó wà ní yàrá ìtọ́jú pàtàkì. Àwọn kan gba ẹ̀jẹ̀ nígbà tí hemoglobin wọn, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, lọ sílẹ̀ ju gíráàmù 10 lọ nínú dẹsilítà. Àwọn yòókù dúró títí ó fi já sísàlẹ̀ 7, nǹkan bíi 21 nínú PCV, ìyẹn ìdá ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ hóró pupa. Àwọn tó dúró kò kú jù. Ìwádìí TRACT ní Uganda àti Màláwì, tó jáde lọ́dún 2019, tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn ọmọdé tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ gidi ni wọ́n fi ṣe é. Nínú 3,196 ọmọ tí wọ́n fi wo iye ẹ̀jẹ̀ tó yẹ, àwọn tí ara wọn kò gbóná ṣe dáadáa sí i pẹ̀lú mililítà 30 fún kílò kan. Àwọn tí ara wọn gbóná, 20 ló sàn fún wọn. Tẹmọ́mítà lásán, ó wá di ohun tó ń sọ iye ẹ̀jẹ̀.

Inú fíríìjì lábù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 6 lórí Celsius, ni àpò ń gbé, nǹkan bí ọjọ́ 35 fún èyí tó wọ́pọ̀. Tó bá ti jáde, kí wọ́n so ó kọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì tán láàárín wákàtí mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì a ka orúkọ àti nọ́ńbà orí àpò sí ti ọwọ́ aláìsàn. Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ni kí ojú má kúrò lára rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, tí èémí rẹ̀ ń já, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, kí wọ́n ti ẹ̀jẹ̀ náà pa lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó sùn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kò lè sọ̀rọ̀, ìtọ̀ tó yí àwọ̀ padà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ ló sábà ń jẹ́rìí fún un.

Àpò náà, tòun ti ìyókù ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, á padà sí lábù. Wọn ò gbọdọ̀ jù ú sínú ìdọ̀tí. Ohun tí lábù á sì kọ́kọ́ wò lára rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ rárá, ni orúkọ àti nọ́ńbà.